Ọjà Apòmù, Dòdò Ìkirè

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ Ìkirè, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n kúrò ní Ìbàdàn, wọ́n ń lọ sí Ifẹ̀, Iléṣà tàbí Àkúrẹ́, wọ́n gun afárá odò Ọ̀ṣun kọjá ní Asejire, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ohùn àwọn tó ń kiri: "Dòdò rèé o! Ẹ ra dòdò Ìkirè!" Wọ́n na owó jáde lójú fèrèsé, wọ́n gba ọ̀rá dòdò wọlé, ọkọ̀ ṣí. Apòmù tó fara kọ́ Ìkirè ńkọ́, èyí tí ilé rẹ̀ àti ilé Ìkirè ti wọnú ara wọn débi pé àlejò kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀? Púpọ̀ nínú àwọn èrò ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Bẹ́ẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ ìtàn Yorùbá láti nǹkan bí 1790 síwájú kó má dárúkọ Apòmù. Èpè tí Aláàfin Awólẹ̀ gbé àwọn èèyàn rẹ̀ ṣẹ́, ogun tó fọ́ Òwu, bí Ìbàdàn ṣe di ìlú ológun, bí àwọn Ẹ̀gbá àti Òwu ṣe bára wọn lábẹ́ àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta: ojú ọjà kan ní Apòmù ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbà kọjá. Kì í ṣe pé ará ibẹ̀ fẹ́ràn ìjà ju ẹlòmíràn lọ. Ibi tí ìlú wọn wà ló fà á, nítorí náà ilẹ̀ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò kó tó yẹ ìtàn wò.

Ìkirè wà ní ìlà-oòrùn Ìbàdàn, bí kìlómítà 35 sí 40 lójú títì. Apòmù wà ní gúúsù rẹ̀. Odò Ọ̀ṣun, tó ti ilẹ̀ Èkìtì wá, tó gba Òṣogbo kọjá, ń ṣàn gba ìwọ̀-oòrùn ìlú méjèèjì lọ sí gúúsù, títí yóò fi dà sínú ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kì. Gbọ̀ngán àti Òde-Òmu wà lókè lọ́hùn-ún ní ọ̀nà Ifẹ̀, Ìkòyí àti Orílé-Òwu wà nísàlẹ̀ ní ọ̀nà tó lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Lóde òní, Ìkirè ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irewọlé, Akirè sì ni ọba rẹ̀. Apòmù ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan, Alápòmù ni ọba tiwọn. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2006, àwọn tó wà ní Irewọlé lé ní 143,000, ti Ìṣọ̀kan lé ní 103,000. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni, ọba méjì ni, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni ìyàwó ilé méjèèjì ń ná, òjò kan náà ló ń pa oko wọn.

Ilẹ̀ igbó ni, àmọ́ kì í ṣe àárín gbùngbùn igbó. Ẹni tó bá kọrí sí Ìwó àti Ọ̀yọ́ yóò rí i pé igi bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra, koríko ń gòkè, ilẹ̀ ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá kọrí sí Ìjẹ̀bú, igbó ni yóò máa ki sí i títí tí yóò fi dé etí ọ̀sà. Òjò ń rọ̀ láti oṣù kẹta tàbí ìkẹrin dé oṣù kẹwàá, ó sì máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gba iṣu, ó gba kòkó, ó gba ọ̀pẹ, obì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Láyé àtijọ́, ohun tó wà ní ọ̀dàn kò sí nínú igbó, ohun tó wà létí òkun kò sí ní ọ̀dàn. Àwọn ará òkè ní kánún, àlùbọ́sà, awọ àti ẹran ọ̀sìn. Àwọn Ìjẹ̀bú ní iyọ̀ àti ọjà òyìnbó tó ń gba etí òkun wọlé: aṣọ, tábà, nígbà tó yá, ìbọn àti ẹ̀tù. Ọ̀yọ́ kì í fẹ́ wọnú igbó jìnnà, nítorí ẹṣin kò ní agbára níbẹ̀. Ìjẹ̀bú náà kì í fẹ́ rìn jìnnà sí ọ̀dàn. Níbo ni wọn yóò ti pàdé? Samuel Johnson kọ ọ́ kedere pé Apòmù ni ọjà tí gbogbo ará òkè ti ń bá Ìjẹ̀bú dòwò. Ilẹ̀ Ifẹ̀ ni ìlú náà wà, ààlà Òwu sì sún mọ́ ọn gbáà. Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu, Ìjẹ̀bú: agbára mẹ́rin ló pàdé lórí ọjà kan.

Ó yẹ ká mọ ẹni tí Johnson jẹ́, nítorí ìwé rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1846, ó di àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, tó ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà jagunjagun. Ó parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó fún títẹ̀, ìwé náà sì sọnù pátápátá. Johnson kú ní 1901 kò rí i mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ, ó sì jáde ní 1921. Ẹni tó bá ń ka ohun tó sọ nípa Apòmù ní láti rántí pé etí Ọ̀yọ́ ló fi gbọ́ ọ jù. Síbẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìtàn Awólẹ̀ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Abíọ́dún jẹ́ Aláàfin, wọ́n fòfin de jíjí ọmọ Ọ̀yọ́ gbé tà, wọ́n sì ní kí àwọn tó ń ṣọ́ ọjà ńlá bíi Apòmù máa mójú tó o. Awólẹ̀ nígbà náà kò tíì jọba. Oníṣòwò lásán ni, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń ná ọjà Apòmù. Níbẹ̀ ló ti mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí, ó tà á sóko ẹrú. Ọwọ́ bà á. Baálẹ̀ Apòmù ní kí wọ́n de é, kí wọ́n sì nà án. Wọ́n nà án débi pé àpá ẹgba kò parẹ́ lára rẹ̀ títí ó fi gorí oyè.

Ó di Aláàfin tán, àwọn tó ń bá a wẹ̀ rí àpá náà, wọ́n béèrè, ó sì ròyìn. Àṣà Ọ̀yọ́ ni pé kí ọba tuntun dárúkọ ìlú tí ogun àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò lọ. Awólẹ̀ ní Apòmù ni. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, nítorí ilẹ̀ Ifẹ̀ ni Apòmù, orírun gbogbo wọn sì ni Ifẹ̀, kò sí Aláàfin tó gbọ́dọ̀ gbé ogun lọ síbẹ̀. Baálẹ̀ sá tọ Ọọ̀ni lọ, ṣùgbọ́n ó rí i pé bí òun bá dúró síbẹ̀, ìlú òun àti ìlú ẹni tó gba òun sílé ni yóò jìyà rẹ̀. Ó pa ara rẹ̀, ó sì fi àṣẹ sílẹ̀ pé kí wọ́n gé orí òun lọ fún Aláàfin kí ìbínú rẹ̀ lè rọ̀.

Ẹ wo ẹni tó kú níbẹ̀. Ẹni tó pa òfin mọ́ ni. Òfin tí ọba Ọ̀yọ́ kan ṣe, òun ló mú un ṣẹ; ọba Ọ̀yọ́ mìíràn ló fi ikú san án fún un. Johnson kò kọ orúkọ baálẹ̀ náà sílẹ̀, ó sì dunni, nítorí orúkọ rẹ̀ tọ́ sí ìrántí ju ti ọ̀pọ̀ balógun tí à ń kì lọ.

Apòmù bọ́, àmọ́ Awólẹ̀ kò sinmi. Ó darí ogun sí Ìwéré-Ilé, àwọn ọmọ ogun kọ̀, Àfọ̀njá tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìlọrin kọ̀, wọ́n sì ní kí ọba lọ kú. Kó tó gbé májèlé jẹ, ní nǹkan bí 1796, ó jáde sí àgbàlá ààfin, ó ta ọfà, ó fọ́ àwo mọ́lẹ̀, ó sì fi àwọn ìjòyè rẹ̀ gégùn-ún pé oko ẹrú ni wọn yóò lọ káàkiri ayé. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn àgbà ti ń so ìtúká Ọ̀yọ́ mọ́ èpè Awólẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ wá di ẹni tí wọ́n ń jí gbé láìsí ìdènà, kò sì sí ọba kan ní Ọ̀yọ́ mọ́ tí àṣẹ rẹ̀ lè dé Apòmù.

Jíjí èèyàn gbé náà ló gbé ìjà kejì dé. Àwọn olóyè Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ sí Olówu, ọba Òwu, pé kó bá àwọn dí i lọ́wọ́ ní agbègbè Apòmù, Olówu sì fi ogun ṣe é: ó kọlu àwọn ìlú Ifẹ̀ tó wà káàkiri ibẹ̀. Ifẹ̀ bínú, wọ́n kó ọmọ ogun jọ, wọ́n rò pé ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn yóò fi ṣẹ́gun. Òwu pàdé wọn ní Sifirin, níbi tí odò Ọbà ti dà pọ̀ mọ́ Ọ̀ṣun, wọ́n sì lù wọ́n bolẹ̀. Ìtìjú náà pọ̀ débi pé àwọn balógun Ifẹ̀ kò lè padà sílé. Wọ́n jókòó sí àgọ́, wọ́n ń dúró de ọjọ́ ẹ̀san.

Ataare ló mú ọjọ́ náà wá. Lọ́jà Apòmù, igba-igba ni wọ́n ń di ataare. Ẹni tó ń tà á yóò kà á ní márùn-ún márùn-ún, ẹni tó ń rà á yóò máa fojú bá a lọ. Bí wọ́n bá ti ka ìdì kan tó pé, wọ́n gbà pé ìyókù pé, nítorí ta ni yóò máa ka ataare láti àárọ̀ dalẹ́? Ará Òwu kan àti oníṣòwò Ìjẹ̀bú kan ń ṣòwò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tún un kà, ó ní hóró kan dín. Èkejì ní ó pé. Ó dín, ó pé, ó dín, ó pé: ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀ṣẹ́ di idà. Òwu gbèjà èèyàn wọn, wọ́n kó Apòmù, ẹ̀mí àti ẹrù àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú sì bá a lọ.

Kò sí ẹni tó gbọ́n tí yóò gbà pé hóró ataare kan ló dá ogun Òwu sílẹ̀. Ìjà náà ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ní àṣẹ lórí ọjà Apòmù ló ni ọ̀nà iyọ̀, ọ̀nà aṣọ, ọ̀nà ìbọn, ó sì dunni láti sọ ọ́, òun náà ló ni ọ̀nà ẹrú. Ìjọba Bírítéènì ti fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ ní 1807, àmọ́ ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí àti Bùràsíìlì ṣì ń gbé ẹrú ní Èkó. Iye tí wọ́n ń san létíkun ló mú kí ọwọ́ àwọn ajínigbé máa yá ní òkè. Ní 1821, ní Òṣoogùn tó jìnnà sí Apòmù, ni wọ́n kó ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí, tí wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ọkọ̀ ogun òyìnbó gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Potogí ní oṣù kẹrin 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Àìmọye àwọn mìíràn ni kò rí ẹni gbà wọ́n. Ìlà oríkì wọn parí sí Bahia tàbí Havana.

Lẹ́yìn tí Òwu kó Apòmù, Ìjẹ̀bú ránṣẹ́ sí Ifẹ̀ pé àwọn dé. Ìbọn wà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú nítorí etí òkun tí wọ́n wà. Òwu kò tíì mọ ìbọn, ìjà ojúkojú ni wọ́n gbójú lé. Àwọn asásálà Ọ̀yọ́ tó ti túká láti ilẹ̀ wọn náà dara pọ̀ mọ́ ogun náà. Wọ́n dó ti Òwu, wọn kò jẹ́ kí oúnjẹ wọlé. Ebi dé ibi pé àwọn ará Òwu bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ pòpòǹdó, ẹ̀wà ńláńlá tí wọn kì í kà sí oúnjẹ èèyàn tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀tá wọn sì ń fi kọrin bú wọn. Nígbà tí ìlú náà ṣubú, wọ́n fòfin lé e pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún un kọ́. Johnson fi ìbẹ̀rẹ̀ ogun náà sí nǹkan bí 1821. Àwọn òpìtàn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ gbé e káàkiri láàárín 1812 sí 1825. Akin Mabogunje, onímọ̀ ilẹ̀ ayé, àti òpìtàn J. D. Omer-Cooper kọ odindi ìwé lórí Òwu, tó jáde ní 1971, ohun tí ìwé náà sì fi hàn ni bí ọjà àti ọ̀nà ṣe ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ogun parí, àwọn ọmọ ogun kò fẹ́ relé. Wọ́n ti mọ adùn ìkógun. Ìlú Ìkijà, tí wọ́n ní ó fi oúnjẹ ran Òwu lọ́wọ́, ni wọ́n kọ́kọ́ fọ́. Wọ́n yíjú sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá mìíràn, wọ́n tú wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní nǹkan bí 1829, wọ́n dó sí ìlú Ẹ̀gbá kan tó ti dahoro. Ìbàdàn nìyẹn. Máyẹ̀, balógun Ifẹ̀, ni olórí wọn níbẹ̀rẹ̀, kí àwọn Ọ̀yọ́ tó lé Ifẹ̀ jáde. Àwọn Ẹ̀gbá tó sá àsálà tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, nígbà tó yá àwọn Òwu tó ṣẹ́kù lọ bá wọn níbẹ̀. Ẹni tó bá dé Òwu ní Abẹ́òkúta lónìí, tó béèrè ohun tó gbé wọn kúrò ní orírun, tí wọ́n bá sọ ọ́ débi gbòǹgbò, orúkọ Apòmù kò ní ṣàì jáde.

Lẹ́yìn èyí ni agbára Ìbàdàn gbilẹ̀, ó sì bo Ìkirè, Apòmù àti gbogbo ìgbèríko yìí mọ́lẹ̀. Àwọn asásálà láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kún Gbọ̀ngán àti Òde-Òmu. Ọjà tí agbára mẹ́rin ń jà lé lórí wá di ọjà ìgbèríko lẹ́yìn ìlú ńlá kan. Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ohun tí Ìbàdàn bá fẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Kòkó ló yí ọ̀rọ̀ padà. Láti àwọn ọdún 1890 ni àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín, ó sì ń tàn lọ sí ìlà-oòrùn, sínú igbó Ìkirè àti ti Ifẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Ẹni tó bá ti lè gbé ẹrù dé Ìbàdàn, ó ti gbé e dé Èkó nìyẹn. Owó kòkó ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé alájà tí òrùlé páànù wọn ti pọ́n káàkiri àwọn ìlú wọ̀nyí, òun ló rán ọmọ lọ sí ilé ìwé. Iṣẹ́ rẹ̀ kò rọrùn. Wọn yóò já èso, wọn yóò fọ́ ọ, wọn yóò kó hóró rẹ̀ tútù sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn yóò bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ 5 tàbí 6 kí ó lè kan dáadáa, kí wọ́n tó sá a. Nígbà yẹn ni òórùn tí wọ́n mọ̀ mọ́ kòkó yóò tó jáde.

Ọmọ kòkó kì í fẹ́ oòrùn gangan. Bí àgbẹ̀ bá gbìn ín sí gbangba, yóò gbẹ. Nítorí náà, wọ́n máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sáàárín rẹ̀ kó lè ṣíji bò ó fún ọdún mélòó kan, títí yóò fi lágbára. Àgbẹ̀ tó ń ṣe oko kòkó tuntun, àgbagbà ni yóò kọ́kọ́ kó wálé. Àgbagbà kì í dúró deni. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kíákíá ni ara rẹ̀ ń dúdú, tí yóò rọ̀ débi pé kò ṣe é gé sí wẹ́wẹ́ mọ́. Kí ni wọn yóò wá fi ṣe? Ìkirè ní ìdáhùn sí i, kò sì yani lẹ́nu pé ìlú tó wà láàárín oko kòkó, tó tún wà létí títì, ló ní in.

Dòdò Ìkirè kò jọ dòdò tí wọ́n ń bu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ẹlòmíràn yóò sọ nù, òun gan-an ni wọ́n ń wá. Wọn yóò bó o, àwọn kan á gún un kí wọ́n tó dín in, àwọn mìíràn á dín in kí wọ́n tó fọ́ ọ. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, kì í ṣe òróró. Wọn yóò da ata gbígbẹ lílọ̀ àti iyọ̀ sí i. Lórí iná igi, ẹni tó ń dín in kò gbọ́dọ̀ gbàgbé apẹ náà, nítorí ṣúgà inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n yìí ló ń mú kó dúdú, bí ó bá sì kọjá àkókò díẹ̀, yóò korò. Ó ń lọ láti pupa sí pupa rúsúrúsú, títí yóò fi dúdú bí ọ̀dà. Nígbà tó ṣì gbóná ni wọ́n ń mọ ọ́n ní róbótó tàbí kí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ewé ni wọ́n ń pọ́n ọn sí tẹ́lẹ̀, ọ̀rá ló pọ̀ lónìí, adùn ti ewé sì yàtọ̀.

Ẹni tó bá bu ún sẹ́nu, adùn ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé, iyọ̀ yóò tẹ̀lé e, ata ni yóò gbẹ̀yìn. Nítorí pé omi inú rẹ̀ ti gbẹ, tí epo sì ti bo ara rẹ̀, ó lè wà fún ọjọ́ mélòó kan láì bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi bá ìrìn àjò mu. Akẹ́kọ̀ọ́ gbé e lọ sí Ifẹ̀, ẹni tó lọ kí ẹbí gbé e dé Èkó. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti fi tọ́ ọmọ yanjú, láìsí ìjọba kan tó kọ́ wọn tàbí tó yá wọn lówó. Bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tó mú orúkọ ìlú dé ibi tí ọba rẹ̀ kò dé, ó yẹ kó dárúkọ àwọn obìnrin yìí.

Odò Ọ̀ṣun náà ní iṣẹ́ tuntun. Omi Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n ṣe ní 1942, kò tó Ìbàdàn mu mọ́ nígbà tí ìlú náà ń gbòòrò. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n dí odò Ọ̀ṣun ní Asejire, omi kún inú àfonífojì, ó di adágún ńlá tí èèyàn ń rí láti ojú títì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi tí wọ́n ń tọ́jú lọ fún Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò wà ní ìtòsí rẹ̀, àwọn apẹja ń dẹ àwọ̀n sínú adágún náà, àwọn ìyàwó wọn sì ń ta ẹja tútù àti ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, agbègbè adágún náà bọ́ sí ẹnu ààlà. Ìbàdàn ń mu omi tó ti orí ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣàn wá. Ìkirè tó wà nítòsí rẹ̀ ṣì ní àwọn àdúgbò tó gbójú lé kànga àti òjò.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń kọ èèyàn lóminú. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, odò Ọ̀ṣun ti yí àwọ̀ padà. Àwọn tó ń wa góòlù lókè, pàápàá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ń da ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí iṣẹ́ wọn sínú àwọn odò tó ń ṣàn sínú Ọ̀ṣun. Àwọn tó lọ sí Ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ní igbó tí àjọ UNESCO ti kà mọ́ ogún àgbáyé láti 2005, ti rí i pé omi náà pọ́n bí ẹrẹ̀. Odò kan náà ló ń bọ̀ ní Asejire. Ohun tí wọ́n bá dà sínú rẹ̀ ní Iléṣà, apẹja Asejire àti olùgbé Ìbàdàn wà lára àwọn tó máa pín nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ààlà ìpínlẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí kò kan ẹnikẹ́ni.

Títì márosẹ̀ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kù. Òun ló gbé dòdò dé Èkó, òun náà ló sì gba ẹ̀mí púpọ̀. Kòtò inú rẹ̀ ti sọ ìrìn àjò wákàtí kan di ti wákàtí méjì ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọkọ̀ ajagbé sì máa ń ṣubú sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà Ìkirè mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá yára jù, ọjà wọn yóò dínkù. Wọ́n fẹ́ kí títì dára, wọ́n sì fẹ́ kí ọkọ̀ máa dúró. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Apòmù àtijọ́ kò jìnnà sí èyí: ọ̀nà tó ń mú oúnjẹ wá, òun náà ló ń mú ewu wá.

Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dá Yunifásítì ti ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní 2006, wọ́n pín in káàkiri ìlú, Ìkirè sì gba ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní èdè, ìtàn àti àṣà. Ìpín tó bá a mu gan-an ni. Láti ọgbà ilé ìwé náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ogun Òwu nínú ìwé lè dé Apòmù lórí ọ̀kadà kí àárọ̀ tó kọjá, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà pé agbo ilé wo ni baálẹ̀ tó kú nítorí ìlú rẹ̀ ti wá, ibo ni ọjà ataare náà wà kí wọ́n tó kó o, oríkì wo ni wọ́n ń kì nígbà tí ọdún ìbílẹ̀ bá dé. Láti ibẹ̀ kó wá gba ọ̀nà gúúsù lọ sí Ìkòyí àti Orílé-Òwu, ilẹ̀ tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tún kọ́ mọ́, kó lọ gbọ́ bí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí ṣe ń sọ ìtàn kan náà láti apá tiwọn.